Koríko Hù Lójú Fóònù Mi

Lámidì, gbọ́ àlá tí mo lá lánàá. Èmi tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní fọ́ọ̀mù tú ni mo ń bi fóònù pé kí ni mo tún lè lọ kọ́. Ó tú gbogbo ohun tí mo ṣe nílé ìwé wò, ó wá fi ohùn ọ̀gá ilé ìwé wa àtijọ́ sọ pé: "Koríko lo ṣán jù, torí ojoojúmọ́ lò ń pẹ́ dé. Àwọn tó ṣán tó báyìí, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń lọ kọ́ ní yunifásítì."

Kí n tó tẹ̀ ẹ́ pé mo gbà, koríko ti hù bo ojú fóònù. Mo fa àdá yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, mo ń ṣán an, orúkọ mi sì ń yọ díẹ̀díẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n gbà wọlé. Ó ku lẹ́tà kan péré ni ìyàwó mi jí mi.

"Bàbá Ṣadé, ta lẹ fẹ́ ṣá?"

Apá mi ṣì wà lókè!

Mi ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀ o, àmọ́ ọkàn mi balẹ̀. Jọ̀ọ́, bá mi wá irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ lórí fóònù ẹ. Mo ti pọ́n àdá sílẹ̀.