Áàpù Ní Kí Fajúro Rẹ́rìn-ín

Olórí máigàádì ni Fajúro nílé-iṣẹ́ ọṣẹ, ojú ẹ̀ sì le ju ọ̀nà ọ̀run lọ. Lọ́jọ́ tí ìyàwó ẹ̀ bí ìbejì, ńṣe ló ń wo àwọn ọmọ náà bí ẹni tó fẹ́ bi wọ́n pé ta ló ní kí wọ́n wọlé.

Ẹ wá wo bí ilé-iṣẹ́ ṣe kẹ́ ẹ. Wọ́n gbé áàpù kan dé tí á máa ṣí géètì. Kálukú gbọ́dọ̀ ya fọ́tò ojú ara ẹ̀ sínú ẹ̀, fọ́tò àtijọ́ ò sì wọlé. Áàpù á ní kó o ṣẹ́jú, á ní kó o rẹ́rìn-ín, kó lè mọ̀ pé o ò tíì kú. Ẹni tójú ẹ̀ ò bá wọlé kí iṣẹ́ tó parí lọ́jọ́ náà, ipò ẹ̀ lọ nìyẹn.

Fajúro ṣẹ́jú. Ìyẹn rọrùn. Ó fa ètè sọ́tùn-ún, ó fà á sósì.

"Jọ̀wọ́, rẹ́rìn-ín," áàpù wí, bí obìnrin tí ọ̀rọ̀ ti sú.

Fajúro yọ eyín. Akọ̀wé tó ń fi orúkọ wọn sílẹ̀ sún àga ẹ̀ sẹ́yìn.

"Ọ̀gá, ẹ̀rín la ní o. Ẹ má bù mí jẹ."

Igbákejì Fajúro, tó tún jẹ́ àbúrò ìyàwó ẹ̀, ti ń túnra mú bí ọ̀gá tuntun. "Bọ̀dá, ẹ yẹ̀ fún mi. Bí mo bá rẹ́rìn-ín báyìí, iná tí wọ́n mú lọ á padà dé."

Akọ̀wé tẹ orúkọ Igbákejì, ó gbé fóònù fún un. Ọ̀mọ̀ràn náà rí kámẹ́rà gàǹgà lẹ́yìn fóònù, ó ní kékeré tó wà níwájú ò lè gba ẹwà òun. Ló bá kọ ẹ̀yìn fóònù sójú ara ẹ̀, iwájú fóònù, tí áàpù fi ń ríran, wá ń wo Fajúro. Ó ń ṣẹ́jú sí ẹ̀yìn fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni ń tọrọ ìyàwó.

Fajúro wò ó títí. Ó ṣẹ́jú. Ẹ̀rín tó ti ń kó jọ látìgbà tó ti gbéyàwó bú jáde, ògiri mì, ẹyẹ orí òrùlé ṣí lọ sílùú míì.

Fóònù dún.

"Ó ti yà á," akọ̀wé wí. "Ojú Ọ̀gá ló wọlé, lórúkọ Igbákejì."

"Pa á rẹ́, kó o tún tèmi yà," Fajúro wí.

Akọ̀wé gbìyànjú láti yà á lórúkọ ara ẹ̀. Áàpù ní, "Ojú yìí ti ní ẹni tó ni ín."

"Kò ṣeé pa rẹ́," akọ̀wé wí. "Ipò olórí ti lọ nìyẹn. Ẹ̀yin méjèèjì wá di igbákejì kan ṣoṣo."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Fajúro gbójú sókè sí fóònù.

"Ẹ káàárọ̀, Igbákejì," áàpù wí, géètì sì ṣí.

Àna ẹ̀, tí kò lójú kankan nínú áàpù, rọra tẹ̀lé e wọlé.

"Bọ̀dá, orúkọ mi lẹ̀ ń jẹ o. Ẹ má bà á jẹ́ fún mi."