Oṣù Tó Lé Nínú Ẹ̀jẹ̀ Màámi

Òjò ọ̀sán ń rọ̀ sórí páànù láàbù àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wa l'Ọ̀fà lọ́dún 1991, rélùwéè ń fọn fèrè lókèèrè, gbogbo nǹkan sì rí bí ojú oorun. Ẹ̀jẹ̀ ìyá mi ló wà lábẹ́ maikirosíkóòpù. Màámi ti ìlú Òjòkú wá láti máa wẹ ọmọ wa. Ibà ṣe wọ́n, wọ́n lo kòlóròkúìnì, òògùn ibà, ara wọn yá, iyán ni wọ́n ń jẹ. Kí ọkàn mi lè balẹ̀ ni mo ṣe gún wọn níka láàárọ̀.

Mo sì rí i: oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́, ó tẹ̀ kọrọdọ nínú aró tí mo fi kun ẹ̀jẹ̀ náà. Kòkòrò ibà tó ti dàgbà ni, akọ àti abo. Tí mo bá ń wò wọ́n, mo máa ń gbàgbé ara mi. Ìyá kan náà ló bí wọn, ogún kan náà ni wọ́n jọ jẹ. Kí ló wá ń jí nínú èyí tó ní, "Má bí sí i mọ́, di akọ," tó sì ní kí ìkejì di abo? Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì ń wá a. Àwọn kòkòrò yìí kì í yọ ẹni tó gbé wọn lẹ́nu. Ẹ̀fọn ni wọ́n ń dúró dè. Inú ẹ̀fọn ni wọ́n ti ń ṣègbéyàwó, kí ọmọ wọn tó wọ ara ẹlòmíràn. Òògùn tó wo Màámi sàn kò sì ràn wọ́n.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ẹ̀gbẹ́ Màámi ni ọmọ wa ń sùn, ibà ló sì pa àkọ́bí wa.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kan ṣoṣo la ní, Màámi ló sì yẹ kó wà nínú rẹ̀ kí ẹ̀fọn má baà gbé kòkòrò náà lára wọn fún ọmọ. Nírọ̀lẹ́, mo dọ̀bálẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì. Ọmọ á máa sùn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀."

Wọ́n ń fi òrí pa ọmọ lára. "Aláìsàn ló ń sùn nínú ìyẹn. Ṣé ara mi ò dá ni?"

Sùúrù mi kò pọ̀ látilẹ̀. "Nǹkan wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín tó lè pa á!"

Ẹyin lohùn. Roseline, ìyàwó mi, fọwọ́ bo ẹnu. Ta ní ń sọ irú ẹ̀ fún ìyá àgbà? Àjẹ́ ni mo pe ìyá mi yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé akọ, abo àti ẹ̀fọn, àlàyé náà sì ń dún bí àlá létí èmi fúnra mi.

Màámi gbọ́ ọ tán. Wọn kò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n rọra gbé ọmọ fún Roseline.

"Láńrewájú, èmi náà ni mo wẹ èyí àkọ́kọ́. Ẹ̀gbẹ́ mi ló sùn. Ṣé èmi ni?"

N kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀. "Rárá o, Màámi," ni mo yára wí.

Wọ́n wo ojú mi pẹ́. Àwọn ló bí mi, wọ́n mọ̀ mí tí mo bá purọ́. Wọ́n ká ìró wọn mọ́ra, wọ́n wọ inú nẹ́ẹ̀tì nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú, wọ́n sì kọjú sí ògiri.