Èènì Náà, Owó Ni

"Èènì ńkọ́?" Ọdúnọlá béèrè.

Wọ́n ti fẹnu kò lórí ohun gbogbo yòókù. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n ń fọ mọ́tò lójú títì kan náà ní Ashanti New Town, ní Kumasi, ni wọ́n jókòó sábẹ́ páànù Prosper lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú: Prosper fúnra rẹ̀, Nàfíù ará Aboabo, àti Ọdúnọlá, opó Cornelius. Ọṣẹ ti gbówó lórí, iná ti gbówó lórí, omi inú táńkà kò ṣeé fẹnu sọ mọ́, síbẹ̀ ogójì sídì ni wọ́n ṣì fi ń fọ ìta mọ́tò kékeré, nítorí pé ẹni tó bá fi díẹ̀ lé e, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni oníbàárà yóò gbà kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Prosper ló pè wọ́n jọ. Ó ní kó di ọgọ́ta fún ìta, kó di igba fún fífọ inú tìjókòó-tìjókòó, kí ohùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ ọ̀kan. Bí oníbàárà bá ń bẹ̀bẹ̀ "te so, te so" pé kí wọ́n dín in kù, kí wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ Twi rí láyé.

Ó nídìí tí Ọdúnọlá fi dá ọ̀rọ̀ èènì sílẹ̀. Èènì ni Cornelius fi kó oníbàárà jọ nígbà ayé rẹ̀. Bó bá fọ ìta tán, á fi ẹ̀rọ fa eruku inú mọ́tò, á nu dáṣíbọ́ọ̀dù, á kun táyà títí yóò fi dúdú bíi kóró iṣin, kò sì ní gba nǹkan kan lé e. Àwọn Àṣáńtì tó ń wá síbẹ̀ ń pè é ní ntosoɔ, àwọn mìíràn kò tiẹ̀ ní wọ mọ́tò wọn bí wọn kò bá tíì rí i gbà. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, Ọdúnọlá kò jẹ́ kí ó yẹ̀.

Prosper mi orí bí olùkọ́ tí ọmọ iléèwé ṣi ìṣirò lójú rẹ̀.

"Èènì náà, owó ni, Ìyá Prince. Ẹni tó ń fún oníbàárà ní èènì, abẹ́ aṣọ ló ti ń dín owó. Kò gbọdọ̀ sí."

Nàfíù wo Prosper, ó wo ilẹ̀. Ọdúnọlá rí i, ó rò pé ebi ló ń pa á. Georgina, ìyàwó Prosper, tó ń ta ohun mímu tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, gbé omi wá fún wọn, Prosper sì gbàdúrà lé àdéhùn wọn lórí. Ó parí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, pé ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ.

Ṣé ó yẹ kí Ọdúnọlá fura sí i? Ẹ jẹ́ ká má dá a lẹ́bi. Prosper àti Cornelius, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kumasi ni àwọn méjèèjì. Inú àwo kan ni wọ́n ti jẹun dàgbà. Nígbà tí Cornelius ń kú lọ ní ọsibítù, ọwọ́ Prosper ló dì mú, ọ̀rọ̀ tó sì sọ kẹ́yìn ni pé kó má jẹ́ kí ojú ti ìyàwó òun. Prosper gbé pósí. Prosper dúró ti opó níwájú àwọn mọ̀lẹ́bí tó fẹ́ kó ẹ̀rọ ìfọmọ́tò lọ. Alàgbà ni nínú ìjọ wọn, kò sì sí ìgbà tí yóò kọjá tí kò ní yà kí i. Ohun tí Ọdúnọlá kò lè sọ fún ìyá tó bí i, ó ń sọ ọ́ fún Prosper.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà fún un. Ilẹ̀ tí Cornelius fi ọwọ́ ara rẹ̀ da kọnkéré sí, tí Ọdúnọlá fi ń bọ́ Prince ọmọ rẹ̀ tó sì fi ń rán an níléèwé, Maame Akua ló ni ín. Àdéhùn ilẹ̀ ọ̀hún yóò parí ní òpin oṣù kẹfà. Maame Akua fẹ́ràn Ọdúnọlá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ti ní kó gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ mú un wá. Bí Ọdúnọlá bá pàdánù ibẹ̀, kò ní ibòmíràn. Prosper fetí sí i dáadáa. Ó ní kó fọkàn balẹ̀, pé owó tuntun tí àwọn fẹ́ jọ gbé kalẹ̀ yìí gan-an ni yóò gbà á là.

Ọjọ́ kejì ìpàdé ni Ọdúnọlá ti kọ owó tuntun sára pátákó. Nínú àwọn tó kọ́kọ́ rí i ni Kojo, òṣìṣẹ́ báǹkì kan tó máa ń wá ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọgọ́ta kò bà á lẹ́rù. Ó sanwó, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀ tó mọ́ lóde tó sì kún fún eruku nínú, ó ń retí.

"Maame Prince, ntosoɔ no wɔ he?" Ó ń béèrè ibi tí èènì òun wà.

Ọdúnọlá ṣàlàyé fún un pé gbogbo àwọn ti ṣe àdéhùn, pé kò ní rí i gbà níbikíbi lójú títì yẹn. Kojo rẹ́rìn-ín, ó lọ. Nígbà tí Àbámẹ́ta mìíràn pé, kò wá. Àwọn yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi di pé odindi àárọ̀ lè kọjá kí mọ́tò kan tó yà. Rahim, àgbà ọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ láti ìgbà ayé Cornelius, bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn tiẹ̀ máa kun táyà fún wọn, ṣebí ìwọ̀nba òróró kékeré ni. Ọdúnọlá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní wọ́n ti gbàdúrà lé e lórí, òun kò ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò dalẹ̀.

Ohun tó ń múnú bí mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àánú Prosper ló ń ṣe Ọdúnọlá. Ó rò pé bí ọjà ṣe kú mọ́ òun lọ́wọ́ ló ṣe kú mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́. Bí Prosper bá sì yà kí i, á mí kanlẹ̀, á ní nǹkan le, á ní kí àwọn ṣáà máa fara dà á. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá ń gbé, inú ilé ni aṣeni wà.

Níkẹyìn, Ọdúnọlá pinnu láti lọ bá a, kó bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ dá owó padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ìsàlẹ̀ títì náà, lẹ́yìn ibi tó ti ṣẹ́ kọ́nà, ni Prosper wà. Ẹni tó bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Ọdúnọlá kò lè rí i. Nígbà tó ṣẹ́ kọ́nà yẹn, mọ́tò tò síbẹ̀ dé ojú títì. Kojo jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń tẹ fóònù. Ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀, ẹnìkan ń fi ẹ̀rọ fa eruku inú rẹ̀, táyà rẹ̀ sì ti ń dán.

Ojú ti Kojo díẹ̀, ṣùgbọ́n kò purọ́. Ó ṣàlàyé ní Twi pé ọgọ́ta náà ni òun ń san níbí, wọn kò dín sídì kan fún òun. Èènì ló mú òun wá. Ó ní láti ọjọ́ tí owó ti gòkè ni wọ́n ti ń ṣe é níbí àti lọ́dọ̀ Nàfíù, òun sì rò pé Ọdúnọlá mọ̀, pé ó kàn pinnu láti má ṣe é mọ́ ni.

Prosper jáde wá, ó ń nu ọwọ́. Ó rí Ọdúnọlá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kí i kú ọ̀sán. Georgina, tó dúró ti àpótí ohun mímu rẹ̀, yí ojú sí ògiri.

"Bàbá Gifty, ẹ̀yin lẹ sọ pé èènì náà, owó ni."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ní kò gbọdọ̀ sí."

Prosper wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá oníbàárà ń gbọ́, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá Prince, ìwọ ni mo sọ ọ́ fún."

Ọdúnọlá kò bú u. Ó dùn ún ju ikú Cornelius lọ, nítorí ikú kò fìgbà kankan pe ara rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ wọn. Ẹni tí wọ́n ní kó fẹ́ ẹ lójú, ata ló ti fi sẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láti ibẹ̀ ló ti gba ilé Maame Akua lọ tààrà, láti bẹ ìyá náà kó fún òun láyè díẹ̀ sí i. Ẹnu yà ìyá àgbà náà láti rí i.

"Ṣé o kò tíì lọ ni?" ó béèrè.

Ìgbà yẹn ni Ọdúnọlá wá gbọ́ ìyókù. Alàgbà Prosper ti san owó ọdún méjì tipẹ́. Ó ní Ọdúnọlá ló rán òun, pé oníbàárà kò wá mọ́, pé iṣẹ́ náà ti ju agbára opó lọ, pé ó ti ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí Nàìjíríà. Maame Akua fúnra rẹ̀ ti gba ibẹ̀ kọjá, ó sì rí i lóòótọ́ pé ibẹ̀ dá páropáro, ìdí nìyẹn tó fi gbà á gbọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ná owó náà. Ó di ọwọ́ Ọdúnọlá mú, ó ń ní "due, due", bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Ọdúnọlá gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ olùṣọ́-àgùntàn wọn. Ìyẹn gbọ́ ọ tán, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní ọ̀rọ̀ òwò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọ. Ó rán an létí pé Alàgbà Prosper ló kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ní kó fi í sínú àdúrà. Kí oṣù keje tó tán, wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun pa orúkọ Cornelius rẹ́ lára ògiri. Rahim bá ilẹ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tuntun. Ìyàwó méjì ló ní láti bọ́. Ọdúnọlá ra bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń fọ táàsì lẹ́bàá ọ̀nà nítòsí ọjà Kejetia, níbi tó jẹ́ pé awakọ̀ ló ń dá owó tí yóò san.

Lọ́dún yẹn, Prosper ló gbé bùkátà Àìkú Àwọn Opó. Wọ́n pe àwọn opó síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé ìrẹsì àti òróró fún wọn, ìjọ ń pàtẹ́wọ́. Ọdúnọlá kò fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n Prince ń jẹun, ìrẹsì sì ni ìrẹsì. Nígbà tó kan án, Prosper gbé àpò náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì gba makirofóònù. Ó sọ fún gbogbo ìjọ pé ìyàwó ọ̀rẹ́ òun àtàtà nìyí, pé láti ọjọ́ tí Cornelius ti lọ, òun kò jẹ́ kí ojú tì í. Àwọn ìyá ìjọ ń nu omijé. Olùṣọ́-àgùntàn wá ní kí Ọdúnọlá kúnlẹ̀, kó gbàdúrà fún olóore rẹ̀.

Ọdúnọlá kúnlẹ̀. Wọ́n gbé makirofóònù sún mọ́ ọn lẹ́nu.

"Olúwa, irú ọ̀rẹ́ tí Alàgbà Prosper jẹ́ fún ọkọ mi, fi irú rẹ̀ jíǹkí òun náà."

Àmín náà mì ilé. Ti Prosper ló lọ sókè jù, ó na ọwọ́ méjèèjì sọ́run. Nínú gbogbo ìjọ, Georgina nìkan ni kò ṣe àmín.