Ibùsùn Tó Ń Dúró De Kọmíṣánnà

"Ẹ rọra, ẹ jẹ́ n kọjá, ìyá mi ò lè dá dúró," ni mẹkáníìkì kan ń wí bó ti ń la àárín èrò lọ, ó pọn ìyá rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹsẹ̀ ìyá náà ti rọ. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé yẹn, ìkún omi ti mu ọmọ rẹ̀ dé àyà kó tó gbé e jáde nílé.

Ìjọba kọ́ ilé ìsádi tuntun sórí òkè fún irú ọjọ́ báyìí, àmọ́ àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ta rìbọ́nnì pupa sí i. Ọ̀gá ibùdó dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọlọ́pàá méjì.

"Ẹ dákun sà, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa."

"Mi ò láṣẹ. Kọmíṣánnà ló máa ṣí i lọ́jọ́bọ̀."

"Ṣé omi mọ̀ pé Ọjọ́bọ̀ lẹ fi sí, sà?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, àgọ́ ọlọ́pàá ni yóò sùn."

Mẹkáníìkì gbé ìyá rẹ̀ sọ̀ lábẹ́ fèrèsé gíláàsì, ó sì yọjú wo inú.

"Kí lo rí?" ni ìyá bi í.

"Bẹ́ẹ̀dì ni, màmá."

"Ó pọ̀?"

"Ó pọ̀ lọ súà. Wọn ò tíì yọ ọ̀rá ara wọn."

"Ó dáa. Wọ́n á ṣí i láìpẹ́."

Atẹ́gùn ń fẹ́ òjò wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, ikọ́ ò jẹ́ kí ìyá sọ̀rọ̀ mọ́. Mẹkáníìkì lọ kan gíláàsì mọ́tò tí ọ̀gá jókòó sí. Kúbùsù kan péré ló ń tọrọ.

"Wọ́n ti to gbogbo rẹ̀ fún fọ́tò," ni ọ̀gá wí, ó sì yí gíláàsì padà sókè.

Ìyá dákẹ́ kí ilẹ̀ Ọjọ́rú tó mọ́ dáadáa. Omi ti bo itẹ́ òkú. Lọ́tẹ̀ yìí ọ̀gá ò bèèrè àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: kíá ló mú tapólì jáde. Wọ́n fi di ìyá, wọ́n sì tẹ́ ẹ sẹ́yìn ilé, níbi tí àlejò ò ní dé.

Lọ́jọ́bọ̀, ohùn ọ̀gá rọ̀ bí òwú. "Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ sọ jù nínú wọn, àbúrò. Wá bá wa dúpẹ́ níwájú kámẹ́rà."

Mẹkáníìkì gbà. Kọmíṣánnà gé rìbọ́nnì, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì gbé makirofóònù lé e lọ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ló wí. "Láti Ọjọ́ Ajé nìyá mi ti ń retí yín. Wọ́n wà lẹ́yìn ilé yìí, nínú tapólì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà kí wọn kẹ́ ẹ tó máa lọ."

Ẹ̀rín gan mọ́ kọmíṣánnà lẹ́nu. Kò yà. Mọ́tò rẹ̀ ti gbéra kí ẹnikẹ́ni tó rántí pín omi mímu.

Nírọ̀lẹ́, gbogbo wọn pagbo yí fóònù aládùúgbò kan ká, wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nínú ìròyìn. Wọ́n rí mẹkáníìkì pẹ̀lú makirofóònù lọ́wọ́, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn rẹ̀ ò jáde. Ohùn obìnrin tó ń ka ìròyìn ni wọ́n ń gbọ́, ó tutù, ó sì já gaara: ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n gbà sílé ìsádi nìyí, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba fún ìtọ́jú ìyá rẹ̀ arúgbó.