Ohùn Tó Kọ Ùmmúkùlsùm Sílẹ̀

Ara mi ò lélẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo lọ aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbé tíì kaná, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ẹjọ́ tí kì í ṣe tèmi ni wọ́n gbé kà mí lórí.

Ilé Alhaji Tàófíìkì ní àdúgbò Tafo ni mo háyà yàrá sí, láti ìgbà tí mo ti Ìbàdàn wá kàwé nípa bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fi ohùn dá ènìyàn mọ̀. Ó ti pẹ́ tí Fatawu, ọkọ Ùmmúkùlsùm ọmọ Alhaji, ti fi í sílẹ̀ lọ sí Líbíà. Lójijì ni fóìsì nóòtì kan wọ fóònù Ùmmúkùlsùm láti nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ohùn Fatawu ni: "Mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀," lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Fatawu búra pé òun kọ́. Àáfà tí Alhaji gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ní òun ò ní dá ẹjọ́ kankan àfi tí a bá mọ ẹni tó sọ̀rọ̀.

"Jọláadé, ìwọ lo kàwé ohùn," ni Alhaji wí fún mi. "Wallahi, tìẹ la máa gbà."

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọn bí ohùn náà ṣe ga sí àti bó ṣe rinlẹ̀ sí, Fatawu ni pọ́nbélé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbì ló ń para pọ̀ di ohùn, oníkálukú ló sì ní àkókò tó ń gbéra. Ọ̀fun ènìyàn máa ń tì wọ́n jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á gbéra pọ̀. Ẹ̀rọ tó bá ń sín ènìyàn jẹ mọ bí ìgbì ṣe ga, kì í bìkítà nípa ìgbéra wọn. Mo fi àwọn fóìsì tí Fatawu ti fi ránṣẹ́ tipẹ́ wé e. Ti àtijọ́ gbéra pọ̀. Tuntun fọ́n ká bí èrò ọjà Kejetia nígbà tí òjò bá ṣú.

Ùmmúkùlsùm wọlé láìkànkùn.

"Sista Jọláadé, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí?"

"Ẹ̀rọ ni."

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi. "Èmi ni mo ṣe é. Áàpù kan ni mo fún ní ohùn Fatawu. Tí mo bá ní mo fẹ́ kúrò nínú ìgbéyàwó yìí, Bàbá á ní kí n ṣe sùúrù, Màámà á ní kí n ṣe sùúrù. Mabrɛ, Sista, ó ti rẹ̀ mí. Ẹ ṣáà ní ẹ ò mọ̀."

Inú bí mi sí i, sí bàbá rẹ̀, sí ìwé tí mo kà pàápàá. Ó rọrùn láti ní n ò mọ̀. Ta ni yóò já mi nírọ́? Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Tí Fatawu bá sì dé, ta ni wọn yóò bú?

Nínú pálọ̀, wọ́n gbé fóònù sáàárín, Fatawu ń gbọ́ wa láti Líbíà.

"Ohùn Fatawu kọ́," ni mo wí. "Ẹ̀rọ ló sọ ọ́."

"Alhamdulillahi." Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi. Ùmmúkùlsùm bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ rò pé ẹkún ayọ̀ ni, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Mo kórìíra ara mi.

Àáfà béèrè pé, "Ta ló wá ṣe é?"

"Èmi ni." Ùmmúkùlsùm nu ojú rẹ̀, ó sún mọ́ fóònù. "Fatawu, ṣé ò ń gbọ́ mi? Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ ọ mọ́. Kọ̀ mí sílẹ̀."

Àdúrà dá mọ́ Alhaji lẹ́nu. Ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n sọ pé ẹ̀rọ ló tún sọ̀rọ̀.