Òfin Firísà Màmá Kòkòrò

Màmá Kòkòrò ni gbogbo wa nílé ìwádìí ń pè wọ́n, wọn ò sì bínú sí i. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ń wọ igbó, tí wọ́n ń já ewé, tí wọ́n sì ń mú kòkòrò tó ń jẹ ewé ọ̀hún. Ìdí wọn kì í gbé orí àga. Wọ́n lè máa bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n dédé dìde nítorí pé nǹkan kan fò kọjá lójú fèrèsé. Ọkọ wọn máa ń sọ pé ìyàwó lòun fẹ́, àmọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ lòun ń bá lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ni mò ń tọ́jú yàrá ewé gbígbẹ, níbi tí a ń kó ewé tí wọ́n bá já pamọ́ sí, ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ìwé kan tí Màmá fọwọ́ ara wọn kọ ni wọ́n fi hàn mí lára ilẹ̀kùn: OHUNKÓHUN TÓ BÁ TI INÚ IGBÓ DÉ, FIRÍSÀ NI KÓ KỌ́KỌ́ WỌ̀. Kòkòrò kan ṣoṣo tó bá fara pamọ́ sínú ewé lè jẹ iṣẹ́ ogún ọdún di lẹ́búlẹ́bú. Ọjọ́ mẹ́ta nínú òtútù, ó ti kú. Mo mọ òfin yẹn bí ẹní mowó, mo sì máa ń fi ṣe fáàrí.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ọjọ́ Jímọ̀ ni Màmá máa fẹ̀yìn tì. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n ń wá: àfòpiná aláwọ̀ eérú kan tó ní àmì pupa kínkín níyẹ̀ẹ́. Wọ́n ti mú un lẹ́ẹ̀mẹfà nídìí iná, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ewé tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ kó tó hu ìyẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n tún gba igbó lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo bá àpò bébà kan lórí tábìlì mi. Ewé ló wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì kọ nǹkan kan sára rẹ̀. Mo gbé e síbi tí mo máa ń gbé wọn sí.

Ìgbà tó di Jímọ̀, Màmá já wọlé, ẹrẹ̀ dé orúnkún wọn.

“Àpò mi dà?”

“Àpò wo, Màmá?”

“Èyí tí mo gbé sórí tábìlì rẹ kí n tó padà lọ wá ìkejì. Mi ò rí ìkejì o. Ọmọ àfòpiná kan ti fi ewé inú rẹ̀ bo ara, ó ń sùn. Òní tàbí ọ̀la ló máa hu ìyẹ́ jáde.”

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Firísà ni mo nawọ́ sí.

Wọ́n sáré gbé e jáde. Wọ́n gbé ewé náà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń mí sí i. Wọ́n jókòó, wọ́n dìde, wọ́n tún jókòó. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Kòkòrò náà ò mira.

“Màmá, mo ti pa á. Ẹ jọ̀ọ́, mà.”

“Ta ló kọ ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìdí mi ò balẹ̀ tó láti kọ ọ̀rọ̀ méjì sára àpò.”

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ ṣí i wẹ́rẹ́ lábẹ́ gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi. Ìyẹ́ ti pé, ó ká jọ sára. Àmì pupa náà wà níbẹ̀.

“Màmá! Òun ni! Ẹ ti rí ewé rẹ̀!” Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè.

“Mo ti rí i.” Wọn ò gbójú sókè. “Àìmọye kòkòrò ni mo ti fi abẹ́rẹ́ gún, àbúrò mi. Eléyìí ni mo fẹ́ yà ní fọ́tò, kí n sì ṣí fèrèsé fún un kó fò lọ.”

Ojú tì mí, àánú wọn sì ṣe mí dọ́kàn. Nǹkan kan fò kọjá lójú fèrèsé. Wọn ò dìde.

Èmi ni mo dìde. Mo mú báírò, mo lọ kọ ọ́ sábẹ́ òfin wọn lára ilẹ̀kùn: Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá nǹkan kan ṣì wà láàyè nínú rẹ̀.