Abo Tó Gbé Akọ Rẹ̀ Rìn Lórí Omi

…bí mo bá wá ní kí ọkọ mi má tẹ̀ lé mi ńkọ́? Kó dúró sí Oǹdó níbí, kí èmi nìkan lọ sí Àkúrẹ́, kí n máa wálé lópin ọ̀sẹ̀. Ẹnu àwọn èèyàn á sinmi. Ti Ìyá Akíntóyè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló máa kọ́kọ́ sinmi. "Ìyàwó wa, níbo ni wọ́n ti ń ṣe é? Wọ́n fi ìyàwó jẹ igbákejì ọ̀gá ilé ìwé ní Àkúrẹ́, ọkọ wá di ẹrù tó ń bá a lọ!" Ẹrù. Ọlọ́runníyì, ọkọ mi… ẹrù.

Omi ni mo wá bù nídìí táǹkì yìí o. Láti ìgbà wo— gíláàsì tó ń sọ kékeré di ńlá, tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì, ti wà lójú mi, mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wo àwọn kòkòrò tó wà lójú omi tó dá sílẹ̀ níbí! Wọn ò tó orí abẹ́rẹ́, wọ́n rí róbótó bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, wọ́n ń rìn lórí omi, wọn ò rì. Mo fìka kan omi báyìí— ọ̀kan ti fò! Ìrù tó ká sábẹ́ ikùn ló fi ti omi. Iṣẹ́ Ọlọ́run mà pọ̀ o.

Méjì nìyí… abo leléyìí tó tóbi. Akọ ò tó ìdajì rẹ̀. Ó fi ìwo orí rẹ̀ di ti abo mú, abo gbé e sókè, ó ń gbé e kiri. Abo ń jẹun, akọ wà níbẹ̀. Abo yí, akọ bá a yí. Wọ́n wù mí. Wọ́n wù mí gan-an.

Ọlọ́runníyì náà… Àná ló di ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń súfèé. "Àwọn ará Àkúrẹ́ náà kì í rìn níhòòhò, n ó ráṣọ rán." Ẹni tó bá ti yà kí i, á ní: "Ìyàwó mi ti gòkè, à ń lọ." Lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá ló ti sọ ọ́, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ta wá ni mo ń dáàbò bò? Nítorí tirẹ̀ ni, kí wọ́n má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́…

Rárá. Fẹ́yìsayọ̀, sọ òótọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, tí ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì bi mí pé kí ló ń gbé wa lọ sí Àkúrẹ́, mo ní ìjọba ló pe ọkọ mi síṣẹ́. Ẹnu mi ló ti jáde. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n pa irọ́ yẹn.

Ojú ò ti Ọlọ́runníyì. Ojú ò tì í rí. Èmi lojú ń tì.